Gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o Inú Ilé Alágbàfọ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ka ìtàn yìí lábọ̀. Ẹ kà á tán kí ẹ tó fi ránṣẹ́ sí ẹni tí ẹ rò pé ó yẹ kó kà á. Ẹni náà lè jẹ́ ẹ̀yin gan-an.

Ìjà ọjọ́ kan, ìjà la máa ń pè é. Tó bá di ọ̀sẹ̀ méjì, a ní aáwọ̀ wà láàárín wọn. Ṣùgbọ́n èyí tó bá ń fa ọdún gbọọrọ, tí ọ̀kan ń ní kí wọ́n gbọ́nmi sí i, tí èkejì ń ní omi ò tó, òun làwọn àgbà ń pè ní gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o. Ẹ má fi orúkọ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Orúkọ ló dùn, òun fúnra rẹ̀ korò.

1.
Tẹ̀gbọ́n tàbúrò kan ló jogún ṣọ́ọ̀bù alágbàfọ̀ lọ́wọ́ bàbá wọn. Àbúrò ń fọ̀, ẹ̀gbọ́n ń lọ̀. Ìlà ṣòkòtò tí ẹ̀gbọ́n bá lọ̀ máa ń mú bí abẹ, ìdí nìyẹn tí àwọn oníbàárà fi ń pè é ní Bàbá Gúnrégé. Ní ọjọ́ kan, oníbàárà tuntun kan wọlé, ó nàka sí àbúrò tó tẹ̀ síbi ọpọ́n ìfọṣọ, ó ní, "Ta nìyẹn?"

Bàbá Gúnrégé ò tiẹ̀ gbójú sókè. "Ọmọ iṣẹ́ mi ni."

Bóyá àwàdà ni. Bóyá ó ti rẹ̀ ẹ́ ni. Àmọ́ ọ̀rọ̀ náà wọ àbúrò lákínyẹmí ara. Ó ń retí kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní "má bínú". Ẹ̀gbọ́n ní níbo ni wọ́n ti ń ṣe é tí ẹ̀gbọ́n ń bẹ àbúrò? Bí wọ́n ṣe yan ara wọn lódì nìyẹn, fún ọdún méje.

2.
Iṣẹ́ ò kúkú dúró. Aṣọ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Àbúrò á gbé ṣẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, á ní, "Ìwọ ṣẹ́ẹ̀tì yìí, sọ fún ẹni tó máa lọ̀ ẹ́ pé ọ̀la ni ẹni tó ni ẹ́ ń bọ̀ o." Bàbá Gúnrégé náà á gbé ṣòkòtò sókè: "Ìwọ ṣòkòtò, bá mi bi ẹni tó fọ̀ ẹ́ bóyá ọṣẹ ti tán láyé." Àwọn oníbàárà á rẹ́rìn-ín títí.

Ìyàwó àbúrò nìkan ni kì í rẹ́rìn-ín. "Baálé mi, ẹ lọ bẹ ẹ̀gbọ́n yín. Ọmọ ìyá ò ṣeé rà lọ́jà."

"Òun ni kó wá bẹ̀ mí."

3.
Nígbà tó di ọdún karùn-ún, nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Áyọ́ọ̀nù ń jó aṣọ, apá òsì ló sì máa ń jó nígbà gbogbo. Bàbá Gúnrégé ń fi èjìká gbá ìlẹ̀kùn. Ó ń fẹsẹ̀ gbá garawa omi àbúrò rẹ̀ dànù. Wọ́n pàdé lójú pópó, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí ẹni kọjá lára òpó iná.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, kí lẹ̀ bá rò? Ohun tí àbúrò náà rò nìyẹn. Ó sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé, "Ó mọ̀ọ́mọ̀ ń ṣe é ni. Ó fẹ́ ba ṣọ́ọ̀bù jẹ́ mọ́ mi lórí."

Ibi tí gbọ́nmi-sí-i-omi-ò-tó-o ti burú jù nìyẹn. Tó bá ti pẹ́ nínú ilé, òun ló máa ń túmọ̀ ìwà ẹnìkejì fún wa. Àìsàn á wọlé, á ní àrífín ni.

4.
Síbẹ̀, ọkàn àbúrò ò le tó bẹ́ẹ̀. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó gbọ́ tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń kọ orin tí ìyá wọn fi ń rẹ̀ wọ́n ní kékeré, àánú sì ṣe é. Ó lọ síbi tábìlì ìlọṣọ, ó kúnlẹ̀ sí ọwọ́ òsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó sọ lọ́kàn ara rẹ̀ pé òun ò ní la ẹnu, ìkúnlẹ̀ ti tó.

Orúnkún bẹ̀rẹ̀ sí í ro ó. Bàbá Gúnrégé lọ ṣẹ́ẹ̀tì méjì tán, ó kọrin rẹ̀ tán, ó yípo gba ọ̀tún lọ gbé aṣọ mìíràn. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ibi tó wà rárá. Àbúrò dìde, omi lé sí i lójú, ó sì búra pé òun ò ní bẹ ẹ́ mọ́ láyé.

5.
Ọdún kan lẹ́yìn náà, alùpùpù kan tó yọ láti ọwọ́ òsì gbá Bàbá Gúnrégé. Egungun ò ṣẹ́. Ṣùgbọ́n nílé ìwòsàn, dókítà yẹ ojú rẹ̀ wò pẹ́, ó sì pe àbúrò tó sáré gbé e wá sí kọ̀rọ̀.

"Ó ti lé lọ́dún méjì tí àìsàn ti ń jẹ ojú yìí láti ẹ̀gbẹ́. Tòsì ti lọ. Tọ̀tún, bí ẹni ń yọjú látinú ihò kọ́kọ́rọ́ ni. Ká ní ẹ tètè mú wọn wá ni, à bá dá a dúró. Ta ló ń bá wọn ṣiṣẹ́ tí kò kíyè sí i?"

Ẹ̀gbọ́n fúnra rẹ̀ rò pé ara àgbà ni. Ta ni ì bá tiẹ̀ sọ fún?

Àbúrò lọ jókòó tì í lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ̀gbọ́n mi."

Bàbá Gúnrégé yí orí kiri, ó ń wá a. "Ìwọ nìyẹn? Mo ti rò pé o ò ní pè mí mọ́ láyé."

"Mo kúnlẹ̀ bẹ̀ yín lọ́dún tó kọjá. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, lọ́wọ́ òsì. Ẹ ò wò mí."

"O kúnlẹ̀ fún mi? Kí ló dé tí o ò pè mí? Mi ò rí ẹ. Àmọ́ etí mi ò di, àbúrò mi. Etí mi ò di!"

Àwọn méjèèjì sunkún bí ọmọdé. Nígbà tó yá, ẹ̀gbọ́n ní, "Èmi ni mo kọ́kọ́ ṣẹ̀ ẹ́. Má bínú. Sún mọ́ mi, kí n fọwọ́ kan ojú ẹ, kí n lè mọ bó ṣe rí báyìí."

Kí ọdún yẹn tó parí, ojú ọ̀tún náà lọ. Ọ̀pọ̀ oníbàárà ti lọ pẹ̀lú, nítorí àbúrò ò mọ aṣọ lọ̀ bíi ti ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Gúnrégé ṣì ń wá jókòó ní ṣọ́ọ̀bù lójoojúmọ́, àbúrò rẹ̀ ló ń fà á lọ́wọ́. Wọ́n á máa sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, ọ̀rọ̀ ọdún méje ò sì tíì tán.

Ìwọ tó ń ka èyí, ta lo yàn lódì? Má dúró kí ẹnìkejì kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Má sì fi ìdákẹ́ bẹ̀bẹ̀, torí o ò mọ ẹ̀gbẹ́ tí ojú rẹ̀ ò ti ríran. La ẹnu, kí o pè é lónìí, kó tó pẹ́ jù. Bí a kò bá gbàgbé ọ̀rọ̀ àná, a kò ní rí ẹni bá ṣeré.