Ohùn Tí Ibùsùn Yóò Fi Jí Mi

Mo ti di àpò mi tán. Ó ku ká kọ́ ibùsùn ilé ìwòsàn ọpọlọ aládàáni náà ní ohùn ilé, kí ó lè máa fi jí mi láràárọ̀. Láìsí i, wọn ò ní gbà mí.

Ìyàwó ẹ̀gbọ́n mi fẹnu sún mọ́ ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ránṣẹ́. “Akọ̀wé mi, ilẹ̀ ti mọ́ o!”

Ẹ̀rọ ní, “Adéyanjú ni wọ́n kọ síbí. Èwo ló ń ṣàìsàn nínú àwọn méjèèjì?”

“Kí n wá pe ọkọ mi lórúkọ? Ẹ̀rọ yìí ò lẹ́kọ̀ọ́!”

Orí mi dàrú. Adéyanjú ni kì í sùn. Akọ̀wé ló máa ń bá a ṣẹ̀fẹ̀.

“Adéyanjú ni,” mo ní. “Ìyàwó wa, pè é. Bá mi tọ́jú Akọ̀wé sílé títí n ó fi dé.”

Ó kúnlẹ̀, ó sì rọra pe Adéyanjú, bí ẹni ń pe àlejò.