Ìborùn Tó Wọ́

Lọ́dún 1954, nígbà tí ọyẹ́ kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn obìnrin ìjọ kan ní Ọ̀yọ́ ní àwọn fẹ́ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi abẹ́rẹ́ kóróṣè hun òwú di ìborùn. Comfort ló ń kọ́ wọn ní ọ̀sán Ọjọ́rú, lábẹ́ igi máńgòrò ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì. Tíṣà ni. Ó kàwé lọ́dọ̀ àwọn òyìnbó, kò sì sẹ́ni tí kò mọ̀, torí kì í jẹ́ kéèyàn gbàgbé.

Ọkàn rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ sí lára òwú. Olúyẹmí, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ kan tó ń ṣòwò ní Kùmásì, ti ní òun yóò fẹ́ ẹ. Ìgbà tí ọkùnrin náà wá kí ọ̀rẹ́ ní Ọ̀yọ́ ni wọ́n pàdé, Comfort kò sì tíì fojú kan èèyàn rẹ̀ kankan. Àwọn ẹgbẹ́ Comfort ti bímọ méjì mẹ́ta. Bí èyí bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò mọ ibi tí òmíràn yóò ti yọ.

Alárinà wọn, Ìyá Ọlọ́runnísọ̀lá, ti kìlọ̀ fún un. "Àwọn èèyàn Olúyẹmí á rán ẹni wá wò ọ́ kí wọ́n tó dáhùn. Wọn ò ní sọ fún ọ. Jọ̀wọ́, ṣọ́ ẹnu rẹ."

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, obìnrin méjì kún wọn. Ìyáàfin Bọ́lánlé wọ yẹtí wúrà àti bàtà fẹ́lífẹ́ẹ̀tì. Ó ní Ògbómọ̀ṣọ́ lòún ti wá, òun dé sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n òun lẹ́bàá ọjà Akẹ̀sán. Ọkàn Comfort sọ pé ẹni tí wọ́n rán nìyí. Ó sáré lọ gbé àga wá.

Èkejì ní Àníkẹ́ lorúkọ òun, ìbátan òun kan lòún dé sí lọ́dọ̀ n'Ísàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Kíjìpá ara rẹ̀ ti ṣá, òórùn irú sì ń ta lára rẹ̀. Comfort kò bi í níbi tó ti wá. Ta ló ń bi irú èyí?

Àníkẹ́ di abẹ́rẹ́ kóróṣè mú bí ẹni di ọmọrí odó mú.

"Ìwọ ìyá yìí, mi ò ní kó o gúnyán," Comfort wí.

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Àníkẹ́ náà rẹ́rìn-ín díẹ̀. Ó tó bí Comfort lọ́mọ, síbẹ̀ "ìwọ" ni Comfort ń pè é láti ọjọ́ yẹn.

Ìborùn rẹ̀ kò gún. Ó fẹ̀ nísàlẹ̀, ó ń tín-ín-rín bí ó ṣe ń gòkè, títí ó fi dà bí okùn ewúrẹ́. Bí ó bá hun ìlà kan dé etí, ojú òwú tó kẹ́yìn ló máa ń fò. Gbogbo ẹni tó ń kọ́ ọ ló máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ ẹyọ kan ló sì ń tún un ṣe. Comfort rí i lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Kò sọ ọ́, torí ẹ̀rín tó ń rí níbẹ̀ ń dùn mọ́ ọn.

"Tíṣà, ẹ jọ̀ọ́, kí ló ń jẹ́ kó máa tín?"

"Orí rẹ ni. Ta lo tiẹ̀ ń hun ún fún?"

"Ọmọ mi tó ń ti ìdálẹ̀ bọ̀ ni. Kí ọyẹ́ má bàa mú un."

"Bó bá ta á mọ́rùn, wọ́n á ní ewúrẹ́ tó já okùn ni."

Àníkẹ́ tú u, ó tún un bẹ̀rẹ̀. Òǹgbẹ gbẹ ẹ́ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ó tọrọ omi. Comfort nawọ́ sí kànga, ó ní ọwọ́ rẹ̀ kò rọ. Lẹ́yìn náà ló kúnlẹ̀ gbé omi inú gíláàsì fún Ìyáàfin Bọ́lánlé, ó sì bá a parí ìborùn rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Àníkẹ́ wo gbogbo rẹ̀.

"Ojú mi kọ́ ni wàá wò," Comfort wí fún un. "Abẹ́rẹ́ ni."

"Mo ti ń rí i, Tíṣà."

Nígbà tó yá, Ìyáàfin Bọ́lánlé padà sílé rẹ̀. Àníkẹ́ náà kò yọjú mọ́. Comfort ní ojú ló tì í.

Kò pẹ́ tí alárinà fi dé pẹ̀lú ẹ̀rín. "Wọ́n gbà. Ìyá Olúyẹmí fúnra rẹ̀ ló wá wò ọ́."

"Kí ni wọ́n sọ nípa mi?"

"Wọ́n ní irú rẹ gan-an làwọn ń wá. Wọ́n ní ká má fà ọ́ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, àfi àwọn."

Comfort rántí gíláàsì omi yẹn, inú rẹ̀ dùn dọ́ba. Ó mọ̀ pé òun gbọ́n.

Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ṣe ìdána àti ìgbéyàwó ní Ọ̀yọ́. Ìyá ọkọ kò wá. Wọ́n ní ilé ló dúró sí láti gba ìyàwó rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, lọ́rì gbé ìyàwó kọjá Takie l'Ógbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì faṣọ bò ó lójú, wọ́n mú un wọ agbo ilé ọkọ. Wọ́n fomi tútù wẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Comfort ti rọra to ẹ̀rín sẹ́nu de Ìyáàfin Bọ́lánlé.

Àníkẹ́ ló ká aṣọ náà kúrò lójú rẹ̀, tó wò ó dáadáa, tó sì sọ jẹ́jẹ́ pé, "Káàbọ̀, ìyàwó mi, ọkọ rẹ ń padà sí Kùmásì lọ́jọ́ Ajé, ó di ọyẹ́ ọdún tó ń bọ̀ ká tó tún rí i, èmi àti ìwọ la jọ máa gbé."