Àgò Yà

Láyé tí a wà yìí, ẹnu la fi ń kọ ètò ẹ̀rọ, ẹ̀rọ náà sì ń fohùn dáhùn. Àpótí nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lókè àjà ló ń gbé ọ̀rọ̀ lọ sétí Màmá Àgbà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, wọn ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi ni mo ń tún ètò rẹ̀ kọ láràárọ̀ Sátidé.

"Ìbírónkẹ́, ṣe kíá," ni wọ́n wí.

"Ẹ ní sùúrù, Màmá. Àṣẹ 'Wọlé' yá lóòótọ́, àmọ́ tó bá bá ẹ̀rọ inú àpótí lójú oorun, ẹ̀rọ á dákú. Àṣẹ 'Kágò' ni mo lò. Kò ní wọlé àfi tí ẹ̀rọ bá dáhùn pé 'Àgò yà'."

"O káre. Ọmọ tí a kọ́ ni ọ́."

Ẹ̀rọ ń sùn, àmọ́ ohùn ṣì ń dé etí Màmá, a sì ń dúró kó jí. Àfi bí ẹ̀gbọ́n mi Adéṣínà ṣe dé ẹnu ọ̀nà: "Àgò onílé o!"

"Àgò yà!" Màmá ti dáhùn kí n tó bò wọ́n lẹ́nu.

Ètò mi rò pé ẹ̀rọ ló fèsì, ló bá wọlé. Iná ara àpótí kú lójijì.

Màmá fọwọ́ kan etí, wọn ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Wọ́n rí i pé ojú mi fàro, wọ́n fà mí mọ́ra. Wọ́n rò pé àwọn ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, ṣùgbọ́n ohùn wọn dé títì: "Má sunkún. Ìwọ ni mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo ọmọ-ọmọ mi. Má sọ fún Adéṣínà o!"

Adéṣínà gbé àkàrà tó rà kalẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ohun tí wọ́n pariwo fún èmi náà nìyẹn," ló wí, "lọ́jọ́ tí mo lo 'wọlé'."