Ọwọ́ Ilẹ̀kùn Tí Kò Dán

Láti ìgbà èwe rẹ̀ ni Vrajlal ti ń mú idẹ dán ní Jamnagar, ìlú kan ní Íńdíà. Ọwọ́ ilẹ̀kùn tó ń ṣe kò láfiwé nínú ìlú náà, ó sì máa ń sọ pé idẹ tí kò bá dán, irin lásán ni. Nítorí náà, nígbà tó wọ ṣọ́ọ̀bù Popatbhai láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó ní ọwọ́ ilẹ̀kùn tí kò dán lòun fẹ́ rà fún gbogbo ilé òun, Popatbhai rò pé àwàdà ni.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin kọ́ lẹ ní ọjà mi yìí dà bí ìdí ìkòkò?"

"Èmi ni mo sọ ọ́. Kó wọn jáde."

Popatbhai kó wọn sórí káńtà, dúdú, aláwọ̀ eérú, aláwọ̀ ilẹ̀. Ó ní irú èyí ló wà lóde báyìí, pé àmì ìka kì í hàn lára rẹ̀. Vrajlal ń mú wọn lọ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, ó ń gbé wọn súnmọ́ ojú, ó ń yí wọn síhìn-ín sọ́hùn-ún. Èyí tó rẹwà jù nínú wọn ló kọ́kọ́ dá padà.

"Èyí ṣì ń dán díẹ̀."

"Ta ló máa mọ̀, Bàbá?"

"Ẹni tó máa gbé ibẹ̀ á mọ̀."

Popatbhai rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó tuntun ń bọ̀ nìyẹn."

Vrajlal mú èyí tó dúdú bí èédú, ó ní kó di irú rẹ̀ fún gbogbo ilẹ̀kùn.

Ọ̀rọ̀ tí Popatbhai fi ṣẹ̀fẹ̀ yìí ti wà lẹ́nu àwọn aládùúgbò tẹ́lẹ̀. Jashoda, ìyàwó Vrajlal, ti lọ sílé àbúrò rẹ̀ lábúlé láti ìgbà òjò, kò sì tíì padà. Kó tó lọ, àwọn tó múlé tì wọ́n gbọ́ ohùn rẹ̀ láti inú yàrá pé, "Ta ló pè ọ́ wá? Bọ́ aṣọ sárì mi sílẹ̀, kí o jáde." Obìnrin tó ti ṣe olùkọ́ rí ni, tí kì í gbóhùn sókè.

Láti abúlé ni Jashoda ti pe Hetal, ọmọ wọn kan ṣoṣo tó ń gbé ní ìlú Surat. Lẹ́yìn ìyẹn ni Hetal pe bàbá rẹ̀.

"Bàbá, ta ni obìnrin yẹn?"

"Kí ni ìyá rẹ wí?"

"Wọ́n ní ẹ mú obìnrin kan wọlé. Wọ́n ní aṣọ àwọn ló ń wọ̀. Bí wọ́n bá bá a sọ̀rọ̀, kì í fèsì, ṣe ló máa ń wo àwọn lójú kòrókòró. Lọ́jọ́ orí yín, Bàbá?"

"Màá rí i pé ó lọ."

"Nígbà wo?"

"Bí iṣẹ́ ilé bá parí."

"Ẹ tún ń tún ilé ṣe fún un?"

Vrajlal béèrè bóyá ìyá Hetal ń sùn.

"Wọ́n ń sùn dáadáa. Wọ́n ní ilé alámọ̀ lábúlé tura, kò sí ẹni tó ń dà wọ́n láàmú níbẹ̀." Hetal pa fóònù.

Àwọn òṣìṣẹ́ ha ọ̀dà dídán kúrò lára ògiri ilé Vrajlal, wọ́n fi ọ̀dà tó rí bí ẹfun rọ́pò rẹ̀. Wọ́n fi òkúta ha ilẹ̀ títí kò fi dán mọ́. Vrajlal kó àwo irin inú ilé ìdáná fún aládùúgbò, ó ra àwo amọ̀. Ó gbé tẹlifíṣọ̀n kúrò, ó sì fi kọ́bọ́ọ̀dù tí Jashoda gbé wọlé ọkọ ta ẹlòmíràn lọ́rẹ. Ní ìsọ̀ onítíì, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan sọ fún un pé kó la ẹnu sọ̀rọ̀, nítorí gbogbo àdúgbò ló ń sọ pé ó mú obìnrin wálé.

"Ó sàn kí wọ́n máa sọ ọ́ nípa èmi," ni Vrajlal wí, ó sì mu tíì rẹ̀ tán.

Nígbà tí ọdún Diwali ku ọjọ́ díẹ̀, Hetal mú ìyá rẹ̀ padà wá. Kò tẹrí ba fọwọ́ kan ẹsẹ̀ bàbá rẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Jashoda ń wọ yàrá dé yàrá, ó ń di ọwọ́ ilẹ̀kùn kọ̀ọ̀kan mú, ó ń wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ọkọ rẹ̀ ń tẹ̀ lé e.

"Ó ti lọ," ni Jashoda wí níkẹyìn.

"Ó ti lọ," ni Vrajlal wí.

Jashoda jókòó. Vrajlal gbé búrẹ́dì pẹlẹbẹ rotlo àti wàrà kíkan fún un nínú àwo amọ̀, ó sì jẹ ẹ́ tán, ó tún tọrọ sí i. Hetal fa bàbá rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ẹ ṣeun tí ẹ lé e lọ. Ṣùgbọ́n inú mi kò tíì yọ́ sí yín."

"Ó dáa, ọmọ mi."

Ilẹ̀ ti ń ṣú. Hetal tan iná yàrá, ó sì lọ fọ àwo. Jashoda dìde, ó lọ dúró lójú fèrèsé tó kọjú sí àgbàlá, ó pẹ́ níbẹ̀.

"Hetal," ló pè jẹ́ẹ́. "Òun ló wà níta yẹn. Mi ò mọ̀ pé ó ti darúgbó tó báyìí. Ó ń sunkún. Ohun yòówù tó ti fojú mi rí, ọmọ mi, ṣílẹ̀kùn fún un kó wá jẹun."

Hetal sáré dé ojú fèrèsé láti rí obìnrin náà, kò sì rí ẹnì kankan nínú gíláàsì yẹn bí kò ṣe ìyá rẹ̀, àti òun fúnra rẹ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, àti bàbá rẹ̀ tó ti ń gbé aṣọ ìbora bọ̀ láti fi bo fèrèsé.