Pẹ́ńsù Jàbárù

Kó, kó, kó. Bí Jàbárù ṣe máa ń fi ìdí pẹ́ńsù kan tábìlì nìyẹn, nígbà tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó jẹ́ ẹnjiníà jọ ń kàwé gba oyè kejì ní London. Bó bá ti rí àṣìṣe nínú iṣẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò ní sọ̀rọ̀. Á kàn máa kan tábìlì títí onítọ̀hún á fi tún un ṣe. Lọ́jọ́ tí wọ́n gboyè, ẹnjiníà jágbe mọ́ ọn: "Mi ò fẹ́ gbọ́ kó-kó-kó rẹ mọ́ láéláé!" Bí wọ́n ṣe yanra wọn lódì nìyẹn.

Ní 1988, ẹnjiníà ń yan bí àkùkọ níwájú ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ya àwòrán rẹ̀ ní Gàrkí, l'Ábújá. Gbogbo ẹni tó rí àwòrán náà ló ń sọ pé, "Ó dáa, ọ̀gá." Àwọn bíríkìlà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó àkàbà wọn sínú ọkọ̀ tán ni ìyàwó rẹ̀ wọlé lọ wò ó. Kò pẹ́ tó fi jáde.

"Bàbá Fèyí, ibo là ń gbà dé òkè?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín. "Ṣebí àtẹ̀gùn wà ní…" Ó yíjú sí olórí bíríkìlà. "Àtàndá, ẹ ò rí i pé mi ò ya àtẹ̀gùn sí àwòrán yẹn ni?"

"A rí i, sà. A ní bóyá bí wọ́n ṣe ń kọ́ ọ ní London nìyẹn."

Ìyàwó rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí, ó jókòó sórí àpò sìmẹ́ńtì.

Ẹnjiníà kọrí sí ilé ìfìwéránṣẹ́, ó tẹ wáyà sí Ìbàdàn: "Jàbárù, jọ̀ọ́, máa bọ̀. Mú pẹ́ńsù rẹ dání."