Ìgò Ẹ̀yìn Agolo Ṣúgà

Ọdún kẹfà rèé tí Ìyá Aránṣọ ti ń gbé lọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀, ọdún kẹfà náà sì rèé tí òun àti ìyàwó ọmọ náà kò tíì rẹ́rìn-ín dénú sí ara wọn. Àgbà ti dé sí i, síbẹ̀ kò nílò awò láti ti òwú bọ ojú abẹ́rẹ́, ihò bọ́tìnnì tó bá sì fi ọwọ́ rán, ẹ̀rọ ò lè rán irú rẹ̀. Yàrá iwájú ló ti ń ṣiṣẹ́. Kì í ti ilẹ̀kùn ibẹ̀, kó lè máa gbọ́ gbogbo ohun tí ìyàwó ń ṣe ní kíṣìnnì.

Ohun tó kórìíra jù ni tíì àárọ̀. Ìyàwó kì í jẹ́ kí ẹlòmíràn po ó. Ife mẹ́ta ni yóò gbé jáde, yóò sì dúró ti Màmá títí yóò fi mu tirẹ̀ tán, bíi wọ́dà tó ń ṣọ́ ẹlẹ́wọ̀n. Tíì náà a máa korò díẹ̀ lẹ́nu.

"Ewé tí mo fi sí i ni, Màmá."

"Bó o bá fi májèlé sí i náà, ta ni yóò mọ̀?" Màmá á sì na ife tó ti gbẹ sí i.

Olùkọ́ ni ọmọ rẹ̀. Nígbà tó wà ní kékeré, ariwo rẹ̀ kì í jẹ́ kílé ó rójú. Ní báyìí, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á jókòó, á máa tòògbé lórí àga, ọ̀rọ̀ kan ò ní jáde lẹ́nu rẹ̀. Màmá mọ ẹni tó pa ọmọ òun lẹ́nu mọ́.

Lọ́jọ́ kan tí tọkọtaya jáde, ó wá ṣúgà lọ sí kíṣìnnì, ó sì bá ìgò kékeré kan lẹ́yìn agolo, irú èyí tí wọ́n fi ń kán oògùn. Orúkọ oògùn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n wọ́n ti ya ibi tó yẹ kí orúkọ ẹni tó ni ín wà. Ó dì í mọ́ aṣọ, ó di ọ̀dọ̀ oníkẹ́míìsì tó wà ní ìkángun àdúgbò.

"Oògùn ìrẹ̀wẹ̀sì ọkàn ni, Ìyá," ni ọkùnrin náà wí. "A tún máa ń lò ó fún àwọn tí ẹ̀rù máa ń bà láìnídìí, tí àyà wọn ń já ṣáá."

"Ó ń ṣiṣẹ́?"

"Fún ọ̀pọ̀ èèyàn. Kì í ṣe fún gbogbo wọn."

"Téèyàn bá ti lò ó pẹ́ ńkọ́?"

"Àwọn kan ti lò ó fún ọdún púpọ̀, kò sóhun tó ṣe wọ́n. Àwọn mìíràn a máa tòògbé, àwọn mìíràn a sanra. Ti ọdún gbọọrọ, a ò tíì mọ gbogbo ẹ̀ tán. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti mọ́ lára ò gbọdọ̀ já a sílẹ̀ lójijì o. Díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n ń dín in kù."

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, títòògbé nìkan ni Màmá gbé délé.

Òun àti oògùn ò jọ rìn rí. Nígbà tí ọkọ rẹ̀ kú, ó tó ìgbà kan tí kò lè kọjá ẹnu géètì. Àyà rẹ̀ á máa lù kìkì, á rò pé ikú ló dé. Ọmọ rẹ̀ mú dókítà kan wá, Màmá sì da hóró oògùn tó kó sílẹ̀ sínú gọ́tà lójú rẹ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì tó kó wá sọ́dọ̀ ọmọ, ara rẹ̀ balẹ̀. "Ara ló ń wo ara rẹ̀ sàn," ló máa ń sọ fún àwọn oníbàárà. Dókítà náà ṣì máa ń yà kí i lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dùn mọ́ Màmá pé ọkùnrin náà mọ ẹ̀bi ara rẹ̀.

Ó da inú ìgò náà sí síńkì, ó rọ omi sí i, ó dá a padà sẹ́yìn agolo.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, tíì ò korò mọ́. Màmá ní ẹ̀rù òun ti ń ba ìyàwó nìyẹn. Lọ́sẹ̀ kejì, ilé ìwé gba ìsinmi, ọmọ rẹ̀ sì rẹ́rìn-ín sókè lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ kan ṣoṣo. Ayọ̀ kún Màmá nínú.

Òun fúnra rẹ̀ ni ara rẹ̀ ò dá. Òòyì ń kọ́ ọ. Bó bá yíjú báyìí, nǹkan a ta gìrì nínú orí rẹ̀ bí ìgbà tí iná bá gbé èèyàn. Oníbàárà kan dá ṣẹ́ẹ̀tì padà nítorí ihò bọ́tìnnì wọ́. Ní Ọjọ́bọ̀, ó fẹ́ lọ ra òwú, ó dé ẹnu géètì, ó dúró, ó yí padà. Ó ní ìbínú ìyàwó yìí ló fẹ́ pa òun.

"Màmá, ṣé kò sí?" ni ìyàwó bi í.

"Ikú mi lò ń retí?"

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, ó gbé ìgò náà kalẹ̀ sórí tábìlì láàárín àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

"Ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ," ló wí. "Oògùn wèrè lo ń kán sí tíì ọmọ mi. Mo ti dà á nù láti ọjọ́ mọ́kànlélógún, omi lásán lo ń kán. Wò ó, ṣé kò ti ń rẹ́rìn-ín? Èmi tàbí ìwọ, ọ̀kan á kúrò nílé yìí lónìí."

Ìyàwó kọjú sí ọkọ rẹ̀. "Mo sọ fún ẹ," ló wí. "Láti gbogbo ọdún yìí wá ni mo ti ń sọ pé ká sọ fún wọn."

Ọmọ náà dìde. Ó ṣí báàgì ilé ìwé rẹ̀, ó fa káàdì ọsibítù kan yọ, ó sì rọra gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìgò. Màmá mọ ọwọ́ ìkọ̀wé tó wà lára rẹ̀. Òun ló kọ́ ọmọ rẹ̀ ní a, b, d.

Níbi tí wọ́n ti béèrè ẹni tí yóò máa lo oògùn náà, ohun tí ọmọ rẹ̀ kọ ni: ìyá mi, opó, aránṣọ.