Iná Orí Tábìlì Ìbídùn

Gbogbo tábìlì ẹ̀rọ tó ń ṣọ́ àwọn ọmọ ní kíláàsì Tíṣà Mojírọ̀lá ló ti tan iná aláwọ̀ ewé, àfi ti Ìbídùn, ọmọ tuntun tí ìyá àgbà rẹ̀ tọ́ dàgbà. Tirẹ̀ pọ́n bí ẹ̀yinná.

“Ọmọ yìí kò fetí sílẹ̀,” ni tábìlì náà ń wí. “Kò wo ojú tíṣà.”

Bí iná náà bá fi lè pọ́n di ọ̀sán, òfin ní kí wọ́n dá ọmọ náà padà sí kíláàsì ìsàlẹ̀.

“Ìbídùn, kí ló dé tí o ò wò mí?” ni tíṣà bi í.

Ọmọ náà tún dorí kodò. “Ẹ má bínú, mà. Màmá àgbà ní a kì í wo àgbà lójú tó bá ń sọ̀rọ̀.”

Àánú rẹ̀ ṣe tíṣà. Ó kọ̀yìn sí gbogbo wọn, ó dojú kọ ògiri, ó sì ń ṣàlàyé bí òjò ṣe ń rọ̀.

“Ìbídùn, ta ló ń gbé omi odò gòkè?”

“Oòrùn ni, mà. Tí omi náà bá tutù lókè, á tún padà wálẹ̀.”

Tíṣà yíjú padà wéré. Ìbídùn ti gbórí sókè, iná rẹ̀ sì ti di aláwọ̀ ewé! Ṣùgbọ́n bí ojú wọn ṣe ṣe mẹ́rin, Ìbídùn dorí kodò, iná tún pọ́n.

“Tíṣà,” ni tábìlì bi í, “ṣé ọmọ yìí gbọ́?”

“Ó gbọ́. Ìwọ ni o ò lẹ́kọ̀ọ́ ilé.”